Dígí Orí Òrùlé Àáfà Mouftaou

Bí ènìyàn bá ń wá ìjà Asmaou ní àdúgbò Akron, kó sáà ti sọ fún un pé dígí tó ṣe kò mọ́. Ẹ lè ní ọbẹ̀ rẹ̀ kò dùn, yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ lè ní ohùn rẹ̀ ń lé ewúrẹ́ kúrò lójúde, kò ní dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ife tó ṣe sókè síta oòrùn, tí ẹ wá fi ẹnu yín sọ pé, "Ó dà bíi pé ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀," ẹ ti fa wàhálà lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ nìyí nídìí iléru tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ sẹ́yìnkùlé, kò sì tíì gbà fún ẹnikẹ́ni rí pé òun ṣi iṣẹ́ ṣe.

Bàbá wọn ló lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Bídà lọ́dọ̀ àwọn Tápà, tí wọ́n ti ń yọ́ ìgò di ìlẹ̀kẹ̀ láti ìgbà láéláé. Ọmọ méjì ló bí. Saïbou, tó jẹ́ àgbà, fẹ́ ẹwìrì lẹ́ẹ̀kan péré, iná jó o nírùngbọ̀n, ó sì yára lọ kọ́ iṣẹ́ mọlémọlé. Asmaou ló dúró. Ìgò oògùn, ìgò òróró, ìgò ọtí, gbogbo rẹ̀ ló ń fọ́, tó ń yọ́, tó fi ń ṣe ife àti àwo àti fìtílà. Ẹnì kan bi í nígbà kan bóyá ìgò ọtí kò ní ba àdúà rẹ̀ jẹ́. Ó ní iná tó lè yọ́ ìgò ti pa ọtí inú rẹ̀ tipẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Àáfà Mouftaou ránṣẹ́ pè é. Ilé wọn kò ju ojúlé mẹ́rin lọ síra wọn, Àáfà yìí ló sì kọ́ Asmaou ní lẹ́tà Lárúbáwá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Bàbá àgbà Àáfà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ odidi Àlùkùránì kan sílẹ̀ fún ilé kéwú wọn. Bàbá rẹ̀ kọ ìkejì. Òun náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó wá ku ewé ìwé méjìlá péré. Àmọ́ ojú, tí wọ́n ní òun ni ọba ara, ti ń múra àtikúrò lórí oyè. Dókítà ní ohun tó ń jẹ ojú náà wà lẹ́yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún, níbi tí abẹ kò lè dé. Ó fún un ní oṣù kan, bóyá méjì.

"Gbogbo nǹkan ló pupa rúsúrúsú lójú mi," Àáfà sọ fún Asmaou. "Bí mo bá ṣí ìwé, ó dà bíi pé wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú epo. Mi ò mọ ibi tí tàdáà parí sí, tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Chérifath, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, ti ra àmpúlù iná oríṣi mẹ́ta wá láti ọjà Ouando, kò sí èyí tó bá a lára mu. Ọ̀kan ń gún un lójú, òjìji ọwọ́ ara rẹ̀ sì ń bo ìwé mọ́lẹ̀ lábẹ́ àwọn yòókù. Ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ ọn lára ni èyí tó ń ti òkè bọ̀. Láyé bàbá àgbà, dígí kan tó nípọn wà lórí òrùlé yàrá ìkọ̀wé yẹn, tó ń rọra da oòrùn sórí tábìlì. Mángòrò já lù ú lọ́dún kan, ó fọ́, wọ́n sì fi páànù dí ojú rẹ̀.

"Ṣe òmíràn fún mi, ọmọ mi. Èyí tó mọ́, tí kò ní kun ìwé mi láwọ̀ kankan, kí n lè parí ewé méjìlá yìí kí ojú yìí tó lọ."

"Ẹ má ṣèyọnu, Àáfà. Yóò mọ́ bí omi."

Bó ṣe ṣèlérí nìyẹn. Ó délé tán ló wá rántí pé dígí tó nípọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ife.

Bí ènìyàn bá yọ́ ìgò oògùn tó funfun di ife fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò máa funfun lọ. Jẹ́ kó nípọn tó ìka mẹ́ta, kí ẹ wá wò ó: àwọ̀ ewé, pẹ̀lú rúsúrúsú díẹ̀, tó ti fara pamọ́ yóò jáde síta. Irin ló ń fà á. Inú yanrìn tí wọ́n fi ń ṣe ìgò ló wà, ó kéré débi pé ojú kò rí i, kò sì sí iná tó lè lé e jáde. Ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ń ṣe ni kó wá àwọ̀ mìíràn tí yóò dojú kọ ọ́. Òkúta dúdú kan wà tí bàbá wọn máa ń lọ̀, tó máa ń bù sínú dígí gbígbóná. Àwọ̀ àlùkò ni òkúta náà ń mú wá. Àlùkò yóò dúró ti àwọ̀ ewé àti rúsúrúsú inú ìgò, wọn óò pa ara wọn lẹ́nu mọ́, ojú yóò sì ka gbogbo wọn sí funfun. "Kò lé e lọ o," bàbá wọn máa ń wí, "ó kàn bá a dọ́gba ni."

Ẹni tó ń ta òkúta náà ti kú láti ọdún pípẹ́. Asmaou ló fi orí ara rẹ̀ wádìí pé ohun dúdú kan náà ló wà nínú ikùn pílì, ìyẹn bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Ouando máa ń kó òkú pílì jọ dè é. Yóò là wọ́n, yóò fọ dúdú inú wọn lẹ́ẹ̀mẹta, yóò yan án lórí irin títí èédú tó wà nínú rẹ̀ yóò fi jó tán. Ohun tó bá kù ni yóò fi ṣíbí oògùn wọ̀n.

Ìwọ̀n yìí gan-an ni gbogbo iṣẹ́. A kì í sì mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Dígí àkọ́kọ́ tó ṣe fún Àáfà, ṣíbí kan gbáko ló bù sí i. Nígbà tó tutù tán, ó gbé e síta oòrùn, ó rí i pé àwọ̀ àlùkò wà nínú rẹ̀. Kò sán, kò ní ihò atẹ́gùn kankan, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé. Ẹlòmíràn ì bá gbé e lọ pẹ̀lú ayọ̀. Asmaou tì í sábẹ́ tábìlì, ó fi àpò bò ó, nígbà tí Saïbou sì bi í pé kí ló dé, ó ní pílì òde òní kò dára mọ́.

Fún ìkejì, ó bu ìdajì ṣíbí. Lọ́jọ́ Àlàrùba ló dà á. Ó ti kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin fa ẹ̀kán díẹ̀ jáde, ó jẹ́ kí wọ́n tutù, ó tò wọ́n léra, ó fi wọ́n wo oòrùn, kò rí àwọ̀ kankan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọrin. Ohun tó wá kù ni kó tẹ́ dígí náà sùn.

Bàbá wọn ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Dígí tó bá tutù kíákíá, òde rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ le, nígbà tí inú ṣì rọ̀. Bí inú bá wá fẹ́ sún kì, òde ti gan, kò ní gbà fún un. Wọn óò di tọkọtaya tó ń bá ara wọn yan odì nínú ilé kan náà. Irú dígí bẹ́ẹ̀ lè dúró lórí tábìlì fún oṣù kan, kó wá fọ́ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé e sínú àpótí amọ̀ tí eérú gbígbóná kún, tí wọ́n ń to èédú yí àpótí náà ká, tí wọ́n sì ń dín iná kù díẹ̀díẹ̀, kí òde àti inú lè jọ tutù pọ̀. Èyí tó nípọn tó ìka mẹ́ta yóò sùn fún ọjọ́ márùn-ún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó jẹ́ pé kí ènìyàn má ṣe nǹkan kan ni iṣẹ́ ibẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì nira jù fún ọmọ aráyé, àgàgà fún Saïbou.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Jímọ̀. Asmaou lọ sí Adjarra láti lọ wá ìkòkò amọ̀ tuntun. Saïbou ní tirẹ̀ lọ sí ilé Àáfà láàárọ̀, ó ká páànù kúrò lójú ihò òrùlé, ó wọn ihò náà, kí iṣẹ́ lè yá bí dígí bá jí. Páànù náà ti dógùn-ún, ó ya sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, Àáfà pè é padà. Ó ti kọ àwọn ẹsẹ kan sórí wàláà, ó ti fi omi fọ tàdáà rẹ̀ sínú ìgò kékeré kan. Omi yìí ni hàǹtú, kò sì sí ọmọ ilé kéwú tí kò mu ún rí kí àlùbáríkà lè wọlé.

"Bá mi gbé e fún Asmaou," Àáfà wí. "Iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù fún un."

Ojú ọ̀nà ni Saïbou ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Kò sì sí ohun tó léwu tó ìyẹn.

Nígbà tí Asmaou dé lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń dúró dè é bí ẹni tí wọn yóò kí.

"Asmaou, káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà lo dé? Mo ti bá ọ fi àdúà ti iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Àdúà wo nìyẹn?"

"Àáfà fi hàǹtú rán mi sí ọ."

"Ẹ gbé e wá kí n mu ún, òùngbẹ tiẹ̀ ń gbẹ mí."

"Mo ti fún dígí."

Asmaou gbé ìkòkò orí rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ẹ fún ta ni?"

"Ṣé o rí i, mo rò ó. Ara ìwọ le koko, o jẹun yó láàárọ̀. Dígí ló lè fọ́, òun ló nílò àdúà. Mo rọra wa eérú ojú rẹ̀ kúrò, mo ṣe Bísímílà, mo wọ́n gbogbo rẹ̀ sí i lára. Ó dún 'táà!' lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní, 'Àmín, àdúà ti gbà.'"

Asmaou mú irin, ó wa eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dígí náà wà níbẹ̀, ó mọ́ bí omi lóòótọ́, ó sì ti pín sí mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi lẹ dà sórí iná."

"Omi Àlùkùránì ni!"

"Dígí kò mọ̀wé kà."

Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún. Inú bí i gan-an. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò rí ẹni tí yóò bá jà. Bí ọ̀tá bá ba iṣẹ́ ẹni jẹ́, a ó dìde sí i. Ẹni tó fi Bísímílà bà á jẹ́ ńkọ́? Saïbou jókòó tì í, ó ń fi etí agbádá Jímọ̀ rẹ̀ nu eérú ọwọ́, kò lè gbójú sókè. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ti lọ nínú oṣù tí dókítà dá fún Àáfà, kò sì tíì rí ewé kan kọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ pẹ̀lú òjò tó ṣú bolẹ̀ láti ìhà ọ̀sà. Saïbou sáré wọlé.

"Asmaou, mo ti ṣí òrùlé Àáfà. Páànù yẹn sì ti ya. Bí òjò yìí bá bọ́, orí Àlùkùránì ni yóò rọ̀ sí."

"Ẹ wá páànù mìíràn."

"Ìgbà wo ni n óò lọ Ouando tí n óò fi dé? Gbé èyí tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn kí n fi dí i ná."

"Èyí yẹn? Kí Àáfà máa kọ Àlùkùránì nínú àwọ̀ àlùkò?"

"Àbí kó máa kọ ọ́ nínú omi?"

Asmaou fa dígí náà yọ lábẹ́ àpò bí ẹni tó ń fa ọmọ olè jáde. "Títí tí òmíràn yóò fi sùn tán ni o," ó wí. Saïbou fi sìmá díẹ̀ mú un mọ́ ojú ihò, òjò sì bọ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

Lówùúrọ̀ Àlàádì, oòrùn yọ, Asmaou sì lọ bẹ Àáfà. Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ilé. Nígbà tó wọ yàrá náà, ìmọ́lẹ̀ wà lórí tábìlì, ó rí i pé ó kun ìwé náà ní àlùkò láti òkè dé ilẹ̀, ìtìjú sì bò ó. Àáfà tẹ orí ba, ó ń kọ̀wé. Gègé rẹ̀ ń rìn lórí ìwé láìdúró.

"Asmaou ni? Wọlé. Ta ló fọ ìwé mi?"

"Àáfà?"

"Ìwé yìí funfun. Ó tó ọdún méjì tí mo ti rí ìwé funfun kẹ́yìn." Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Asmaou rò pé àgbà náà ń pọ́n òun lé ni. Àáfà kì í dójú ti ènìyàn. Bí ẹ bá gbé ọbẹ̀ oníyọ̀ fún un, yóò ní òun fẹ́ràn iyọ̀. Ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú. Èyí kọ́ ni dígí yín, a kàn fi dí ihò nítorí òjò ni. Èyí tó jẹ́ tiyín gan-an ti fọ́." Ó wá ròyìn hàǹtú fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nípa ṣíbí tó kún jù, kò sọ nǹkan kan.

Àáfà gbé gègé sílẹ̀. "Saïbou bu hàǹtú fún dígí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, tí Chérifath fi sáré gbé omi wọlé. "Àwọn ọmọ tí mo kọ́ nìyí," ó wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Asmaou kò bá a rẹ́rìn-ín. Ìlérí ni ìlérí. Ó yọ́ ẹ̀kẹta, ó fi ìdajì ṣíbí wọ̀n ọ́n, ó tẹ́ ẹ sùn, ó sì kìlọ̀ fún Saïbou pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìnkùlé fún ọjọ́ márùn-ún, ì báà gbé àdúà tàbí òfo lọ́wọ́. Nígbà tó hú u jáde, ó mọ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ó tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn, ó ka gbogbo lẹ́tà abẹ́ rẹ̀. Láyé rẹ̀, kò ṣe dígí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gbé e lọ ní ọjọ́ Àlàmísì. Ewé méje ni Àáfà ti kọ tán nígbà náà. Ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, pé èyí tó wà lókè tẹ́ òun lọ́rùn, Asmaou sì ní rárá. Saïbou gun òrùlé, ó fi òòlù kán sìmá, ó yọ dígí alálùkò náà, ó gbé tuntun lé ojú ihò. Asmaou wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Oòrùn wọlé, ìwé náà sì funfun gbòò lójú rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Gègé Àáfà dúró. Ó sún ojú mọ́ ìwé, ó tún sún un sẹ́yìn.

"Saïbou!" ó ké sókè. "Ta ló tún da epo sí ìwé mi?"

Asmaou wo ìwé. Ó wo ojú Àáfà, ibi tí dúdú ẹyinjú ti di rúsúrúsú. Ó gbójú sókè, ó rí Saïbou lójú ihò, tó gbá dígí alálùkò mọ́ àyà. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ padà wá sí i lọ́kàn: kò lé e lọ, ó kàn bá a dọ́gba ni. Rúsúrúsú tó ń yọ Àáfà lẹ́nu kò sí nínú ìgò, ojú rẹ̀ ló wà. Nígbà tí Asmaou ń wọn dúdú pílì, ti ìgò nìkan ló kà. Ó bu ṣíbí kan tán, ó wá pè é ní àṣìṣe, kò mọ̀ pé ohun kan ṣì kù tí àlùkò náà yóò bá dọ́gba.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ọmọdé lọ, "ẹ dá ti àtijọ́ padà."

"Ti àtijọ́?"

"Ẹ dá a padà kíákíá, Àáfà fẹ́ kọ̀wé."

Saïbou dá a padà. Gègé tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú sìmá lọ́wọ́, ó wí sí àbúrò rẹ̀ létí. "Ṣé o rí i báyìí? Bí hàǹtú kò bá fọ́ ìkejì, ta ni ì bá gbé èyí wá síbí?" Asmaou bá a gbá sìmá ilẹ̀ jọ, Saïbou sì ti ń sọ ọ́ káàkiri Akron láti ìgbà náà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tó ti ń kọ̀wé lábẹ́ dígí alálùkò náà, Àáfà kọ ewé ìkẹyìn. Àṣà ilé wọn ni pé ẹni tó bá kọ Àlùkùránì tán yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tó parí sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fún un ní ìmọ́lẹ̀. Orúkọ ẹni tó ń rọ epo sí fìtílà lálẹ́ wà nínú ti bàbá àgbà. Àáfà ránṣẹ́ pe Asmaou.

"Kà á fún mi. Mi ò mọ̀ bóyá ìlà náà tọ́."

Ó kà á: "Mouftaou ló fi ọwọ́ kọ ọ́. Asmaou ló ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó yára yẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa kán sórí tàdáà. "Ó tọ́, Àáfà. Ó gún bí ọ̀pá."

"Ìwé náà funfun lójú tìrẹ náà?"

Àlùkò ni gbogbo rẹ̀, títí dé ojú orúkọ rẹ̀.

"Rárá, Àáfà. Àlùkò ni. Mo bu dúdú pílì jù, mo wá tì í sábẹ́ tábìlì, mo di ẹ̀bi ru pílì."

Àáfà fi ọwọ́ wá ojú ìwé, ó pa á dé. "Lójú tèmi, ó funfun títí mo fi parí," ó wí. "Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀."

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Àáfà kò nílò ìmọ́lẹ̀ mọ́. Chérifath ṣì máa ń mú un lọ́wọ́ lọ jókòó sídìí tábìlì náà láàárọ̀, nítorí ó ní ara òun ń mọ ìgbà tí oòrùn bá dé orí dígí. Dígí ẹ̀kẹta tó mọ́ jù lọ wà lórí tábìlì ní ilé Asmaou, kò tà á, kò sì yọ́ ọ. Àwọn oníbàárà máa ń gbé e sókè wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan láti Cotonou gbé e síta oòrùn, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní ó dà bíi pé ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Saïbou ti dìde láti là wọ́n.

"Lójú ta ni?" Asmaou bi ọkùnrin náà jẹ́jẹ́, ó sì fa àga fún un kó jókòó.